Pípadà sí Guild Wars 2 lẹ́yìn ọdún pípẹ́: ẹ tú àpò yín kí ẹ tó ra àfikún

Ẹni tí ó ti pa géèmù kan tì fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ó wá gbọ́ pé àfikún tuntun ti jáde, sábà máa ń sáré lọ sanwó kí ó tó rántí orúkọ akọni tí ó ń lò tẹ́lẹ̀. Ní ti Guild Wars 2, àṣìṣe gbáà ni mo ka èyí sí, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà láti ìpìlẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2012 ni ArenaNet gbé e jáde, ìpele 80 sì ni òpin ibi tí akọni lè dé. Láti ìgbà náà, àfikún mẹ́fà ti tẹ̀lé e: Heart of Thorns ní 2015, Path of Fire ní 2017, End of Dragons ní 2022, Secrets of the Obscure ní 2023, Janthir Wilds ní 2024, àti Visions of Eternity ní 2025. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí ó gbé òpin náà kọjá 80. Nínú World of Warcraft, níbi tí àfikún sábà máa ń sún ìpele síwájú, idà tí èèyàn fi oṣù mẹ́fà wá lè di irin lásán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nínú Guild Wars 2, ìhámọ́ra aláwọ̀ pínńkì tí wọ́n ń pè ní Ascended ti wà láti oṣù Kọkànlá ọdún 2012, títí di òní kò sì sí ìhámọ́ra tí agbára rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, àìlágbára kọ́ ni ìṣòro ẹni tí ó ń padà bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti gbàgbé iṣẹ́, àpò rẹ̀ ni ó kún fọ́fọ́, àwọn òfin díẹ̀ sì ti yí padà nígbà tí kò sí nílé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ṣeé tọ́jú láìná kọ́bọ̀. Mo fi géèmù náà sílẹ̀ ní 2019, mo sì padà sí i ní ìparí 2023. Ìlànà tí mo tẹ̀lé ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú àtúnṣe sí ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá àkáǹtì àtijọ́ rí

Ímeèlì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ nígbà náà ni ẹ ó fi wọlé. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìgbà yẹn wá, wọn yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ímeèlì náà pé kí ẹ jẹ́rìí sí i pé ẹ̀yin ni ẹ ń wọlé, torí náà ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ímeèlì ọ̀hún ṣì ṣeé ṣí. Bí kò bá ṣeé ṣí mọ́, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, kí ẹ sì kó ẹ̀rí tí ẹ bá ní jọ kí ẹ tó kọ ọ́: nọ́ńbà tí ó bá géèmù wá nígbà tí ẹ rà á, ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ san, àti orúkọ àwọn akọni yín bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an.

Pàkúté kan wà níbí tí ó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Guild Wars 2 wọ Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ẹni tí ó bá sì gbé e kalẹ̀ láti ibẹ̀ láìfara balẹ̀ yóò kàn bá ara rẹ̀ nínú àkáǹtì tuntun tí kò sí akọni kankan nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn akọni rẹ̀ sọnù, ilé ẹlòmíràn ni ó wọ̀. Àkáǹtì tí a ṣí láti Steam àti àkáǹtì ArenaNet ti àtijọ́ kì í dà pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá fi ìbínú ra àfikún sínú àkáǹtì òfìfo yẹn, inú rẹ̀ ni yóò wà, kò ní bá yín lọ sí ti àtijọ́. Ẹ lọ sí ojúlé Guild Wars 2 fúnra rẹ̀, kí ẹ gba ẹ̀dà tí kò ní Steam nínú.

Ẹ tún yẹ ẹkùn tí àkáǹtì yín wà wò, bóyá Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n wà ní ẹkùn méjèèjì kì í pàdé nínú ayé géèmù, gem, owó àkànṣe ilé ìtajà géèmù náà, ni a sì fi ń ṣí kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó ń pè yín padà kí ẹ má baà ṣe ìrìn àjò lásán.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ má fi dátà ṣòfò

Fáìlì ńlá kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Gw2.dat ni ó gbé gbogbo ayé Tyria dání, ó sì ti lé ní 60 GB. Fún ẹni tí ó ń fi GB ra dátà, ìròyìn yìí kò dùn ún gbọ́, àmọ́ ọ̀nà àbùjá wà tí kò lòdì sí òfin kankan. Bí ọ̀rẹ́ yín kan bá ti ní géèmù náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ da Gw2.dat rẹ̀ sórí háàdì-díìsìkì kékeré, kí ẹ sì gbé e sínú fódà géèmù tiyín. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí géèmù, ohun tí ó bá yàtọ̀ sí ti òde òní nìkan ni yóò wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí kò bá sí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà àmì ìṣígéèmù kan lójú kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ ṣí àlàyé rẹ̀, kí ẹ sì kọ -image sí ìparí ìlà Target, lẹ́yìn àyè kan. Bí ẹ bá ṣí i báyìí, gbogbo fáìlì ni yóò gbà wọlé, tí ó bá sì parí, yóò ti ara rẹ̀ pa. Ẹ lè tan án ní òru, nígbà tí dátà dínwó, kí ẹ sì sùn. Bí fáìlì bá bàjẹ́ nítorí pé iná lọ lójijì, -repair ni ẹ ó kọ sí ibi kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọlé, ẹ dúró sójú kan

Níbí ni sùúrù ti wúlò jù. Mo rántí ọjọ́ tí mo padà dáadáa: akọni mi tó jẹ́ Necromancer dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì ní ìlú Lion's Arch, níbi tí mo fi í sí ní 2019 gan-an, aṣọ dúdú rẹ̀ lọ́rùn, àpò rẹ̀ kún débi pé àyè kan ṣoṣo kò ṣẹ́ kù, àmì lẹ́tà sì ń tàn ní igun òkè. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni àwọn lẹ́tà náà. Lọ́dọọdún ni akọni kọ̀ọ̀kan ń gba ẹ̀bùn ní àyájọ́ ọjọ́ tí ẹ dá a, ìgbà tí ẹ bá fi í wọlé ni ẹ̀bùn náà ń dé, ọdún tí ẹ kò sí níbẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́. Akọni márùn-ún ni mo ní, ọdún mẹ́rin ni mo fi lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀. Kò sí àyè láti gba ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ kọ /age sínú àpótí ọ̀rọ̀ bí ẹ bá fẹ́ mọ wákàtí tí ẹ ti lò nínú géèmù náà. Kò wúlò fún ohunkóhun, ó kàn ń mú èèyàn rẹ́rìn-ín ni, bí kò bá mú un sunkún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ I kí àpò ṣí. Àmì kékeré bí eyín ẹ̀rọ wà ní òkè rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan Deposit All Materials. Gbogbo irin, awọ, igi, aṣọ àti èròjà oúnjẹ tó wà káàkiri yóò fò lọ sínú àká, èyí tí ó lè gba 250 ti ohun kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo akọni yín sì jọ ń lò. Àpò mi fúyẹ́ dé ìdajì ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ wá oníṣòwò èyíkéyìí lẹ́yìn náà, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí ń ta pàǹtírí, ìyẹn àwọn ohun aláwọ̀ eérú tí kò wúlò fún iṣẹ́ kankan.

Ohun tí ó bá kù ni ó gba ojú. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí: ẹ kọ /wiki sínú àpótí ọ̀rọ̀, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, ẹ di Shift mú, kí ẹ sì tẹ ohun tó wà nínú àpò náà. Orúkọ rẹ̀ yóò wọ inú ìlà, bí ẹ bá sì tẹ Enter, ojú ìwé tí ó ṣàlàyé rẹ̀ yóò ṣí fún yín níta géèmù. Ní ìdájì wákàtí, ẹ ó ti mọ èyí tí ó jẹ́ ìrántí àjọ̀dún tí ó ti kọjá àti èyí tí àwọn èèyàn ń fi góòlù púpọ̀ wá. Kí ẹ tó ta ohunkóhun, ẹ tún wo iye tí àwọn tó ń gbá géèmù ń rà á ní ọjà Trading Post, nítorí owó táṣẹ́rẹ́ ni oníṣòwò inú ìlú ń san lórí ohun gbogbo.

Ibí yìí ni mo ti ṣìṣe. Mo ní ohun ìjà aláwọ̀ ìyeyè tí ó tó ogún, kò sí èyí tí mo ń lò nínú wọn, mo bá kó gbogbo rẹ̀ fún oníṣòwò kí ojú mi lè gbá. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni mo rántí pé ohun aláwọ̀ ìyeyè tí ìpele rẹ̀ bá jẹ́ 68 sókè, títú ni a ń tú u palẹ̀, torí pé inú irú rẹ̀ ni Glob of Ectoplasm ti ń jáde, èròjà tí a kò lè ṣe ohun ńlá kankan láìsí i. Oníṣòwò ní ojú ewé kan tí ẹ lè gbà ra ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tà padà, ṣùgbọ́n kò dúró de ẹni tó bá ti kúrò ní máàpù náà. Ẹ má ṣe kánjú bíi tèmi. Ohun aláwọ̀ ọsàn, aláwọ̀ pínńkì àti elésè àlùkò, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n títí ẹ ó fi parí ìgbésẹ̀ tí ó kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yẹ ìhámọ́ra wò, pàápàá ihò relic

Ẹ tẹ H kí ojú ewé akọni ṣí. Bí ara akọni bá kún fún ohun aláwọ̀ ọsàn, ìyẹn Exotic, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìpele 80, ẹ ti ní ohun tí ó tó fún ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iṣẹ́ tó wà nínú géèmù náà. Ascended ju Exotic lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni; inú Fractals (ìjà ẹgbẹ́ kékeré tí ó ń le sí i ní ìpele-ìpele), níbi tí a nílò agony resistance (ààbò lọ́wọ́ oró tó wà níbẹ̀) láti lè gun òkè àkàsọ̀, ni ó ti di dandan. Kí ẹni tó ń padà bọ̀ má ṣe da ara rẹ̀ láàmú lórí rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́.

Relic ni ó yẹ kí ó jẹ yín lógún. Kí Secrets of the Obscure tó dé ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, rune (ohun agbára tí a ń fi sínú ìhámọ́ra) mẹ́fà tí ó jọra nínú ìhámọ́ra mẹ́fà ni ó ń fún akọni ní agbára àkànṣe ìkẹfà. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti yọ agbára ìkẹfà kúrò lára rune, wọ́n sì gbé irú rẹ̀ lọ sínú ohun tuntun tí ń jẹ́ relic, tí ó ní ihò tirẹ̀ nínú ojú ewé ìhámọ́ra. Ẹni tí ó bá lọ kí ọjọ́ náà tó dé yóò bá ihò náà lófìfo, kò sì ní mọ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ó fọ́ tàbí tí ó pupa lójú. Àwọn ọ̀tá kàn ń pẹ́ kí wọ́n tó kú ju bí ó ṣe rántí lọ, yóò sì máa rò pé géèmù ti le sí i. Púpọ̀ nínú àwọn relic ìpìlẹ̀ wà lórí Trading Post. Ẹ ra ọ̀kan tí ó bá bí ẹ ṣe ń jà mu.

Àwọn tí wọ́n lọ kí oṣù Kẹwàá 2019 tó dé yóò tún rí ohun tuntun kan tí ó dára: ẹ lè tọ́jú ìlànà ìjà mẹ́ta àti ìhámọ́ra méjì sílẹ̀ fún akọni kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fi bọ́tìnì kan pààrọ̀ wọn. Àwọn tí ó ti lọ láti ṣáájú oṣù Kẹfà 2015 ní tiwọn yóò bá gbogbo trait wọn, ìyẹn àwọn agbára tí a ń yàn fún akọni, ní àtúntò pátápátá. Ìlà mẹ́ta ni a ń yàn báyìí, ohun mẹ́ta nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà kẹta sì ni ó lè gba elite specialization (ẹ̀ka ìjà àkànṣe) bí ẹ bá ní àfikún tí ó bí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rántí

Àmì idà méjì tí ó dábùú ara wọn wà ní òkè ojú ìwòran. Ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò sì gbé yín lọ sí Heart of the Mists, ìlú àwọn tí ń bá ara wọn jà. Ẹ má bẹ̀rù, kò sí ẹni tí yóò fi ipá mú yín jà. Ohun tí a bá lọ ni pé gbogbo akọni tí ó bá wọ ibẹ̀ di ìpele 80, gbogbo ọgbọ́n ìjà iṣẹ́ rẹ̀ (irú jagunjagun tí ó jẹ́) ṣí sílẹ̀, ìhámọ́ra tí ó wọ̀ wá kò já mọ́ nǹkan kan, àwọn golem, ère ìdánwò ìjà, sì dúró síbẹ̀ láti gba lílù. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè dán iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe rí wò láìná owó kan. Bí ẹ bá ti ń rò ó pé bóyá Ranger ni ó yẹ yín ju Warrior lọ, ẹ dá Ranger kan, ẹ gbé e lọ síbẹ̀, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i.

Bọ́tìnì 1 sí 5 jẹ́ ti ohun ìjà tó wà lọ́wọ́, 6 jẹ́ ti ìwòsàn, 7 sí 9 jẹ́ ti àwọn ọgbọ́n tí ẹ yàn, 0 sì ni ti agbára ńlá. F1 lọ sókè jẹ́ àmì ìdánimọ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbìyànjú láti ka gbogbo àlàyé wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ohun ìjà kan lu golem fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa wo èyí tí ó dun golem jù àti èyí tí ó pẹ́ kí ó tó padà, kí ẹ tó pààrọ̀ sí èkejì.

Lẹ́yìn náà ni yíyẹ̀. V ni bọ́tìnì rẹ̀ bí ẹ kò bá tíì yí i. Ìgbà méjì ni agbára yíyẹ̀ tó, kí ó tó di pé ẹ dúró kí ó kún padà, ohun tí ó sì ń pa ẹni tó ń padà bọ̀ jù ni pé ó ń lo méjèèjì nítorí ìpayà, nígbà tí ọ̀tá kò tíì ṣe ohun tó tó yẹ̀. Ẹ máa wo òrùka pupa tó ń yọ nílẹ̀ àti apá ọ̀tá tó ń gbé sókè. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ dúró kí ẹ máa lù.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí n dúró lé lórí, torí pé òun ni ó ń fi ẹni tó mọ ìjà hàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó sì dé pẹ̀lú Heart of Thorns ní 2015. Lábẹ́ ọ̀pá ẹ̀mí àwọn ọ̀tá ńlá, ẹ ó rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Tí ó bá jẹ́ eérú, ẹ kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Tí ó bá wá di búlúù, ọ̀tá ń palẹ̀mọ́ fún ohun búburú, àkókò sì tó láti dá a dúró. Ìlù lásán kò ní dín ọ̀pá búlúù yìí kù bó ti wù kí ó lágbára tó. Àwọn ọgbọ́n tí ń gbé ọ̀tá ṣubú, tí ń tì í sẹ́yìn, tí ń fà á, tí ń dá a lójì tàbí tí ń dẹ́rù bà á ni ó ń já a bọ́. Àwọn bíi òtútù àti ìdẹ̀kùn ẹsẹ̀ náà ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá tán, ọ̀tá yóò dá kú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ara rẹ̀ yóò sì rọ̀ fún ìlù ju ti ìgbà gbogbo lọ. Ní ọjọ́ kejì tí mo padà, èèyàn bíi mẹ́wàá ni a jọ ń lu ẹran abàmì kan ní aṣálẹ̀, ọ̀pá búlúù yọ, olúkúlùkù sì ń lu ẹ̀mí rẹ̀ lọ bí ẹni tó ń pa ilẹ̀. Gbogbo wa ni a kú. Lẹ́yìn tí a jí, ẹnì kan kọ lẹ́tà méjì péré sínú àpótí ọ̀rọ̀: "CC", orúkọ tí a ń pe àwọn ọgbọ́n tí ń já ọ̀pá búlúù. Nígbà tí ọ̀pá náà tún yọ, gbogbo wa lo agbára ìbìlulẹ̀ tí a ti ń tọ́jú, ó já, ẹran náà wó lulẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní ìlú golem, ẹ wá ọgbọ́n méjì ó kéré tán nínú èyí tí akọni yín ní tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ẹ mọ bọ́tìnì wọn, kí ẹ má sì fi wọ́n ṣeré títí ọ̀pá búlúù yóò fi yọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ jáde sínú ayé

Ẹ padà sí máàpù ìbẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Géèmù náà máa ń rẹ agbára akọni sílẹ̀ láti bá ibi tí ó wà mu, nítorí náà Queensdale, ilẹ̀ àwọn ọmọ ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣì ní ìtumọ̀ fún ẹni ìpele 80. Nínú irà tó wà níbẹ̀ ni Shadow Behemoth ti ń jáde ní àkókò tí a mọ̀, èèyàn rẹpẹtẹ sì máa ń péjọ dè é. Ẹ kọ /wiki et sínú àpótí ọ̀rọ̀. Àtẹ gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá àti àkókò wọn ni yóò ṣí. Ẹ kò nílò ẹgbẹ́, ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni, ohun tí ẹ bá rí gbà kò sì dín ti ẹlòmíràn kù. Bí ẹ bá rí àmì aláwọ̀ bí ọfà lórí ẹnì kan nínú máàpù, aṣáájú ni. Ẹ tẹ̀ lé e.

Ní òkè ojú ìwòran náà ni Wizard's Vault wà, èyí tí ó rọ́pò ẹ̀bùn ìwọlé ojoojúmọ́ àti iṣẹ́ òòjọ́ ti àtijọ́ ní oṣù Kẹjọ 2023. Iṣẹ́ òòjọ́, ti ọ̀sẹ̀ àti ti sáà tó ń lọ lọ́wọ́ ni ó ní, owó tí ó sì ń san, Astral Acclaim, ni ẹ ó fi ra góòlù, Mystic Coin àti àpótí ìbẹ̀rẹ̀ ohun ìjà Legendary. Ẹ lè yàn bóyá iṣẹ́ inú ayé ni ẹ fẹ́, tàbí ti ìjà àárín akọni sí akọni, tàbí ti World versus World (ogun ńlá láàárín ọ̀wọ́ àwọn akọni). Ní tèmi, mo fi ìjà àárín akọni sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, mo yan ti inú ayé nìkan.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbà yìí ni kí ẹ ra àfikún

Ẹ kọ́kọ́ ṣí Story Journal nínú ojú ewé akọni, kí ẹ wo apá Living World (àwọn ìtàn tó ń jáde láàárín àfikún kan sí èkejì) tó ti ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé nígbà tí apá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé, ọ̀pọ̀ sì ti gbàgbé pé àwọn wọlé. Gem ni a fi ń ra èyí tí ó bá kù, góòlù inú géèmù sì ṣeé pààrọ̀ sí gem, nítorí náà ẹ má ṣe sanwó gidi lórí wọn ní ìkánjú.

Àfikún fúnra wọn kò pọn dandan kí a rà wọ́n ní ìtẹ̀léra. Nínú Final Fantasy XIV, èèyàn gbọ́dọ̀ la ìtàn àtijọ́ já kí ó tó kan tuntun. Níhìn-ín, akọni ìpele 80 lè wọ inú èyíkéyìí lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni ohun tí ẹ fẹ́. Bí ẹ kò bá ní ẹran tí a ń gùn rárá, mo rọ̀ yín pé kí ẹ ra Path of Fire, tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ Heart of Thorns. Heart of Thorns ni yóò fún yín ní ìyẹ́ tí a fi ń rá bàbà lójú ọ̀run. Nínú Path of Fire, raptor tí ń fò kọjá ọ̀gbun wà ní Crystal Oasis, springer tí ń fò gun òkè wà ní Desert Highlands, skimmer tí ń rìn lórí omi wà ní Elon Riverlands, jackal sì wà ní The Desolation. Griffon, ẹyẹ tó farasin tí a kò rí títí ìtàn yóò fi parí, ń jẹ tó góòlù 250 lápapọ̀. Ẹ tọ́jú góòlù ectoplasm yín dè é, bí ẹ kò bá tíì kó tiyín fún oníṣòwò.

Bí ó bá jẹ́ pé fífò ni ẹ ń wá láìfẹ́ rìn jìnnà, Secrets of the Obscure ni. Ní Skywatch Archipelago, máàpù rẹ̀ àkọ́kọ́, ni ẹ ti lè gba skyscale, dírágónì kékeré tí àwọn tó ṣáájú fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jìyà kí wọ́n tó rí i ní 2019. Janthir Wilds ni ti ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀, tí ó sì fẹ́ lo ọ̀kọ̀ lórí ilẹ̀. End of Dragons ni ti ẹja pípa, ọkọ̀ ojú omi àti ilẹ̀ Cantha. Visions of Eternity, tí ó gbé wa lọ sí erékùṣù Castora, mú elite specialization tuntun wá fún iṣẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àwọn tí ó ti rẹ̀ lára bí wọ́n ṣe ń jà ni yóò sì gbádùn rẹ̀ jù. Dọ́là 24.99 ni iye orí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àfikún mẹ́ta tó jáde kẹ́yìn, wọ́n sì máa ń dín owó àwọn ti àtijọ́ kù lóòrèkóòrè, torí náà ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá fi tú àpò tí ẹ sì fi kọ́ ọwọ́ ní ìjà lè sọ iye tí ẹ ó san di ìdajì. Ẹ rà á láti inú àkáǹtì tí ẹ rí ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ tún wo orúkọ akọni tó wà lójú ìwòran lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìsanwó.